Ẹ Má Ṣe Kó Gbogbo Ọmọ Lọ Sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Nítorí Ìwé

Arákùnrin wa láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ sọ pé ìyàwó yín ń parí ẹ̀kọ́ másítà rẹ̀ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́, pé àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gba ọlidé gígùn ní ìparí oṣù Keje, wọn ò sì ní wọlé títí di oṣù Kẹsàn-án. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá yín kí ilé lè dákẹ́, kí ìyá wọn sì ráyè kọ̀wé. Èsì tèmi ni pé kí ẹ má kó gbogbo wọn lọ fún gbogbo ọlidé. Mo ti ṣe é rí, ó sì pẹ́ kí ohun tó ti ibẹ̀ jáde tó tán nílé mi.

Olùkọ́ girama ni èmi àti ìyàwó mi ní Adó-Èkìtì. Ọdún 2021 ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ másítà nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọlidé ọdún 2023 dé, orí kìíní àti ìlàjì orí kejì ìwé ìwádìí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, ọkùnrin tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbígbẹ̀yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì.

Ní ọdún yẹn, mo gba iṣẹ́ lẹ́sìn ọlidé ní àràárọ̀, nítorí pé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún, lítà bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦190 sì ti lé ní ₦500 kí ọlidé tó dé. Owó ọkọ̀ lọ sókè, owó oúnjẹ tẹ̀ lé e, mo sì rò pé ojúṣe mi ni kí n wá owó, kí tìyàwó mi jẹ́ ìwé. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ń kọ̀wé, àbígbẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjì yòókù ń pe orúkọ rẹ̀ láti yàrá dé ìta. Tí mo bá dé ní ọ̀sán, màá bá a pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀ àti ìlà mẹ́rin péré tó kọ láti àárọ̀. Àwọn ọmọ rò pé ìyá wọn wà nílé, òun náà rò pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo kó àwọn méjì àgbà lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi ní Ìjerò-Èkìtì. Màmá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Iyán ni wọ́n ń jẹ ní alaalẹ́, iṣu titun ti ń jáde, àgbàdo sísun ò wọ́n, wọn ò sì ṣàìsàn rárá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀, a ò sì lọ bẹ̀ wọ́n wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí owó ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ kó wọn, ọmọ mi ọkùnrin sá sẹ́yìn ìró ìyá àgbà nígbà tó rí ìyá tó bí i. Ìyá àgbà ló ń pè ní "Mọ́mì". Nílé, kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àfi tí èmi bá wà níbẹ̀, ó sì padà sí ìtọ̀ sílé tó ti fi sílẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Inú oṣù Kọkànlá ló tó tú sílẹ̀ dáadáa. Ìyàwó mi sunkún ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé ìwé náà ò lọ síwájú. Ìwé ìbéèrè 300 ló yẹ kó pín fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri, ṣùgbọ́n nígbà tí alábòójútó rẹ̀, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí ìwé náà, fi fọwọ́ sí i, ilé ẹ̀kọ́ ti gba ọlidé. A kó ọmọ kúrò nílé kí ìyá wọn lè ṣe iṣẹ́ tí kò sí ọ̀nà láti ṣe títí oṣù Kẹsàn-án. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu ohunkóhun nípa àwọn ọmọ, ẹ jókòó ti ìyàwó yín, kí ẹ béèrè ohun tó kù gan-an. Tó bá jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ló ti fẹ́ ṣe ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ìbéèrè rẹ̀ padà kí tááàmù kẹta tó parí. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ alábòójútó rẹ̀ ọjọ́ tí yóò wà nílé àti ọjọ́ tí yóò rìnrìn àjò, nítorí àwọn olùkọ́ náà ní ìdílé, oṣù Kẹjọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sinmi.

Ẹ tún wo orí tó kù. Orí kejì, tó jẹ́ kíka ohun tí àwọn mìíràn ti kọ, ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀ láàárín ọmọ: èèyàn lè ka ojú ìwé mẹ́wàá nígbà tí ọmọ bá sùn, kó sì ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀. Orí kẹrin, níbi tí a ti ń to èsì ìwádìí sínú àtẹ tí a sì ń ṣàlàyé rẹ̀, kò gba bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá pe ìyàwó mi kúrò nídìí àtẹ kan, wákàtí kan ni ó máa ń gbà á kó tó rántí ibi tí ó dé. Orí kẹrin ni kí ẹ wá àkókò tó pọ̀ tó sì dákẹ́ fún.

Ní ọlidé ọdún 2024, a ṣe é lọ́nà mìíràn. Mi ò gba iṣẹ́ lẹ́sìn mọ́. Ìyàwó mi àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan jọ gba yàrá kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wọn fún oṣù méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó máa ń gbé àbígbẹ̀yìn, tó ṣì ń mu ọmú, lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin tó ń dúró de àbájáde ìgbaniwọlé, wọ́n á sì padà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àbúrò mi ń gbé ọmọ wá fún un ní ọ̀sán láti mu ọmú, lẹ́yìn náà á gbé e lọ. Láti ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kọ̀ǹpútà kì í ṣí nílé wa. Èyí le fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nítorí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lórí àtẹ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ṣinṣin. Láti Ìkẹ́rẹ́, tí ìyàwó yín bá ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, yóò la Adó àti Ìfàkì kọjá kó tó dé Ọyẹ́, yóò tún padà. Ẹ fi owó ọkọ̀ yẹn wé owó yàrá kí ẹ tó sọ pé yàrá ti wọ́n jù.

Èmi ló wà pẹ̀lú àwọn méjì àgbà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ìlà kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ìyá wọn kò ní sùn nílé, ọmọ mi ọkùnrin ló sì ń nù ọ̀kan kí ó tó sùn. Kò béèrè "Ìgbà wo ni Mọ́mì ń bọ̀?" mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo kọ́ bí a ṣe ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ kó má ṣàn, mo ń mú ọmọ mi obìnrin lọ dirun ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, a sì ń lo àwọn ọjọ́ tí òjò dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ láti fọ aṣọ tí òjò oṣù Keje ò jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ pé kò yẹ ọkùnrin. Mo dá a lóhùn pé àwọn ọmọ mi ni, kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Àṣìṣe ńlá kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ibà mú ọmọ mi ọkùnrin ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn, ó sì ti ń ṣeré ní ọjọ́rú. Ìgbà tí ìyàwó mi dé ní Ọjọ́bọ̀ ni mo tó sọ fún un, nítorí mi ò fẹ́ da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Inú bí i gidigidi, ó sì jàre. Láti ọjọ́ náà, kò lè jókòó kọ̀wé láìpè mí ní ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, torí kò dá a lójú mọ́ pé mò ń sọ gbogbo rẹ̀. A wá ṣe àdéhùn pé bí ara ọmọ kankan bá gbóná, yóò gbọ́ ní wákàtí yẹn gan-an. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ padà balẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìparí oṣù Kẹjọ, gbogbo wa gba Àrámọ̀kọ kọjá lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ọmọ mi ọkùnrin dúró síbi ìpàdé náà, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó wá bọ ẹsẹ̀ sí i kó lè mọ apá ibi tó gbóná. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyàwó mi parí orí kẹrin.

Ní ti owó, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ àjọ. Oṣù Kẹsàn-án ni owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, owó ìwé wọn, àti owó títẹ̀ àti dídì ìwé ìyàwó yín yóò jọ dé, kò sì sí èyí tó ṣeé sún síwájú nínú wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá yín, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, kí ìyá wọn fúnra rẹ̀ mú wọn dé ibẹ̀, kó sùn mọ́jú, kí òun náà sì ni yóò lọ kó wọn. Ẹ kọ̀wé padà, ẹ sọ orí tó kù fún ìyàwó yín àti ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn yín, màá sì sọ bí mo ṣe rò pé kí ẹ pín ọ̀sẹ̀ náà.