Èsì: Ṣé òfin ìjọba kọ ọmọ karùn-ún?

Okun o, àǹtí wa ní Ìsánlú. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.

Ẹ ní ìyá ọkọ yín sọ pé òfin ìjọba kọ ọmọ karùn-ún, pé wọ́n á lé yín padà ní ọsibítù. Rárá, kò sí òfin tó ní kí wọ́n lé yín padà ní ọsibítù nítorí oyún karùn-ún. Ohun tí wọ́n ń rántí ni ìlànà tí ìjọba Babangida gbé jáde ní 1988, tó gba obìnrin níyànjú pé kí ọmọ má ju mẹ́rin lọ. Ìmọ̀ràn ni, kò ní ìjìyà nínú.

Ẹ̀rù tó ń ba ìyá ọkọ yín kì í ṣe lásán ṣá. Ní Ṣáínà, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òfin ò fi jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé bí ju ọmọ kan lọ, títí di ìparí 2015. Wọ́n ń gba owó ìtanràn, wọ́n sì fipá ṣẹ́yún fún àwọn kan. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Ròmáníà: Ceaușescu, olórí ibẹ̀ nígbà náà, fòfin de oyún ṣíṣẹ́ ní 1966 kí ọmọ lè pọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló kú nídìí oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá rántí, torí wọn ì bá má kú.

Àmọ́ tí nọ́ọ̀sì bá mẹ́nu ba ìfètò-sọ́mọ-bíbí lẹ́yìn ìbímọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́:

1. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, ẹ lè dá a dúró.
2. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ tí ẹ bá ní kí wọ́n yọ ọ́.
3. Síso ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà dé ilé ọmọ, kó má bàa lóyún mọ́, ìyẹn ò ṣeé tú bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé rẹ̀ wá nígbà tí ẹ ń rọbí, ẹ má fọwọ́ sí i.