Okùn cháàjì Amẹ́ríkà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Texas ló fi Toyota Prius Prime ọdún 2018 ránṣẹ́ sí mi, ó sì ti dé Akóbọ̀ níhìn-ín láti oṣù tó kọjá. Ọkọ̀ tó ń jẹ epo, tó tún ń jẹ iná ni. Wọ́n ní mo lè máa cháàjì rẹ̀ nílé bí ẹni ń cháàjì fóònù. Okùn tó bá a wá ní orí pẹlẹbẹ ti Amẹ́ríkà, kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe iná ní kí òun gé orí yẹn, kí òun fi pọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Mo gbà fún un. Iná wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó wákàtí méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, ojú rẹ̀ sì ti ń di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo sáré pa á, mo fà á yọ. Ṣé ọkọ̀ yìí ló ní àléébù ni, àbí iná ilé mi? Ṣé mo sì lè fi jẹnẹrétọ̀ cháàjì rẹ̀? Bàbá Tòmíwá, Akóbọ̀, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Bàbá Tòmíwá, ẹ kú ewu. Ẹ ṣeun tí ẹ kò sọ pé kó kún tán kí ẹ tó fà á yọ. Títí tí ẹ ó fi ka èyí tán, ẹ má ki okùn yẹn bọ ibikíbi mọ́, ẹ má sì fi ohunkóhun sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ì báà ṣe fáànù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ọkọ̀ yín kì í ṣe ọkọ̀ oníná pọ́ńbélé. Bí bátìrì ńlá rẹ̀ bá ṣófo, epo ni yóò máa jẹ bíi Prius yòókù, yóò sì gbé yín dé Èkó, á gbé yín padà. Nítorí náà, kò sí alẹ́ kankan tó di dandan kí ẹ cháàjì. Ìkánjú ló wà nídìí púpọ̀ nínú àwọn ilé tí mo ti lọ wò lẹ́yìn tí wáyà jó tán, ẹ̀yin kò sì ní ohun tí ń lé yín.

Látinú ohun tí ẹ sọ, n kò rí àléébù kankan lára ọkọ̀. Àṣìṣe méjì ló pàdé ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan lára okùn, èkejì lára ògiri.

Ẹ jẹ́ ká mú okùn. Ẹ yí àpótí tó wà láàárín rẹ̀ padà, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóltì. Tiwa jẹ́ 230, àwọn kan ń pè é ní 240. Bí wọ́n bá kọ 120V nìkan síbẹ̀, iná 120 ni wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà fún, ẹ̀yin sì da ìlọ́po méjì lé e lórí. Ẹ̀rọ tó ń gba iná nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro pẹ̀lú 230, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní ibi ìcháàjì ńlá nílé ń lo 240 fún ọkọ̀ kan náà. Àpótí yẹn ni kò ṣe fún un. Pé ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì kò sọ pé yóò ṣiṣẹ́ lọ́la, nítorí inú àpótí yẹn náà ni ohun tó yẹ kó gé iná bí iná bá ń jò wà. Bí ó bá kú láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ ti pàdánù olùṣọ́ yín.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra tiransifọ́mà tí yóò sọ 230 di 120. N kò fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó lè gbé ẹrù náà fún wákàtí márùn-ún láìgbóná kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà fún wa ni kò sì gbé wáyà ilẹ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ògiri, ibẹ̀ gan-an ni òórùn yẹn ti wá. Àpótí àárín okùn ló ń sọ fún ọkọ̀ iye iná tó lè fà, ọkọ̀ kò sì ní kọjá rẹ̀. Okùn Amẹ́ríkà irú tiyín sábà máa ń gba 12 áńpù láyè. Fíúsì inú pọ́ọ̀gì wa jẹ́ 13. Méjìlá kò tó mẹ́tàlá, fíúsì kò ní já, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan dára. Ṣùgbọ́n fíúsì kò mọ ìgbóná ibi tí irin ti kan irin. Kẹ́tẹ́lì ń fà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, omi ti hó. Áyọ́ọ̀nù ń fà á, ṣùgbọ́n ó ń pa ara rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀. Ọkọ̀ kì í sinmi. Wákàtí lé wákàtí ni yóò fi máa fà á láìdẹwọ́.

Ká ní ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ti dẹ̀, tàbí ìdè wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò le dáadáa, tí ibi ìkanra yẹn fi ní ìdínà kékeré bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá òómù. Bí 10 áńpù bá ń gba ibẹ̀ kọjá, 30 wáàtì ni yóò máa di ooru lójú kan ṣoṣo. Irú agbára kan náà ló wà nínú irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé. Ẹni tó bá kan irin yẹn mọ́ rọ́bà sọ́kẹ́ẹ̀tì fún wákàtí méjì, òórùn tí ẹ gbọ́ ni yóò gbọ́.

Nítorí náà, ẹ ra okùn mìíràn tí wọ́n ṣe fún iná wa. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Kí wọ́n kọ 220 sí 240 fóltì, 50 hertz, sí i lára. Kí orí tó ń wọ ọkọ̀ jẹ́ Type 1, oníhò márùn-ún, nítorí ohun tó wà lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Type 2 tí àwọn ará Yúróòpù ń lò ní ihò méje, kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, kó ní bọ́tìnnì tí ẹ lè fi dín iná kù sí 6, 8 tàbí 10 áńpù. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lásán ni ẹ bá fẹ́ lò, tó jẹ́ ojúlówó tí wáyà rẹ̀ sì péye, ẹ fi í sí 8. Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ fún yín pé 13 ni wọ́n kọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n 8 ni èmi yóò fi sí ilé ara mi.

8 áńpù kò sì ní pa yín lára. Bátìrì ńlá ọkọ̀ yín jẹ́ 8.8 kilowatt-hour (kilowatt-hour kan ni yúníìtì kan lórí mítà), kì í sì í lo gbogbo rẹ̀ tán kó tó bọ́ sórí epo. Nǹkan bíi yúníìtì 6 sí 8 ni mítà yín yóò kà láti òfo dé kíkún, ìyẹn á sì gbé yín lọ ní nǹkan bíi 40 kìlómítà kí epo tó bẹ̀rẹ̀. Ní 8 áńpù, wákàtí mẹ́rin tàbí díẹ̀ lé ni. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ 210 náírà ládùúgbò yín, kò ní ju 1,700 lọ. Ẹ fi èyí wé iye epo tí ẹ ń rà.

Èyí tó wù mí jùlọ fún yín ni pé kí wọ́n fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti inú àpótí bérékà wá sí ibi tí ẹ ń páàkì. Wáyà bàbà onímílímítà 4, bérékà 20 tirẹ̀ nìkan, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù ti 16 áńpù tó ní ìdérí, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́. Ẹ ó wá ra okùn tí pọ́ọ̀gì rẹ̀ bá a mu láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó le, ó sì ń fún irin mọ́ra. Kò gbọdọ̀ sí ohun mìíràn lórí wáyà yẹn, kì í ṣe fíríìsà, kì í ṣe ẹ̀rọ omi. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí wọ́n fi bàbà pa lára lásán tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e lójú yín, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú irin rẹ̀. Bí ó bá funfun nínú, ẹ dá a padà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wáyà ilẹ̀, èyí tí àwa oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ihò mẹ́ta ló wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ́tẹ́lì kò ní sọ fún yín. Àpótí àárín okùn ọkọ̀ yóò sọ, nítorí ó máa ń wá wáyà ilẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Bí kò bá rí i, iná pupa ni yóò tàn, yóò sì kọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná kan ti ń ṣe ohun tó ń kó mi láyà sókè. Wọ́n á fi wáyà kékeré so ihò ẹ́ẹ̀tì mọ́ nútúrà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, àpótí á rò pé òun ti rí ilẹ̀, iná á wọlé, wọ́n á gba owó wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe. Bí nútúrà yẹn bá já lọ́jọ́ kan, yálà nínú ilé tàbí lórí òpó, gbogbo ara ọkọ̀ yóò di iná. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ rọ́bà, nítorí náà iná yẹn kò ní rí ọ̀nà lọ sílẹ̀. Yóò dúró sára ilẹ̀kùn, láìdún, láìtàn, títí ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ tútù yóò fi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó lè jẹ́ Tòmíwá. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá ìsomọ́ra yẹn fún yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sin ín dé géètì.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Lórí wáyà ọkọ̀ yìí kan náà, kí wọ́n fi bérékà tó ń ṣọ́ iná tó ń jò sí i, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára. Ó ní bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má tijú.

Iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ ńkọ́? Lílọ kò ṣe ọkọ̀ ní nǹkan kan, yóò dúró dè é. Bíbọ̀ rẹ̀ ni, nígbà tó bá dé tagbáratagbára. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wo fóltéèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bérékà yẹn, irú tó máa ń gé iná bó bá ju 250 lọ tàbí tó wálẹ̀ ju 180 lọ, tó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí iná bá dé kó tó ṣí i. Bí ààrá bá ń sán, ẹ yọ okùn kúrò lára ògiri pátápátá.

Jẹnẹrétọ̀: rárá. Èyí tó kéré tí gbogbo wa mọ̀ kò lè gbé 6 áńpù pàápàá. Èyí tó tóbi lè gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹ́ẹ̀tì, àpótí okùn yóò kọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ ń sun epo nínú jẹnẹrétọ̀ láti fi iná sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì tirẹ̀ mọ epo lò jù ú lọ. Ínfátà náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé. Bátìrì 200Ah kan tó jẹ́ 12 fóltì kò gbé ju yúníìtì méjì àti díẹ̀ lọ. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò gbé mì lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ tún bá mi bi àbúrò yín ní ìbéèrè kan: níbo ló ti ra ọkọ̀ náà? Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjì Ian kọlu Florida, omi òkun wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná. Omi ti fà lọ tán, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn ń gbiná fúnra wọn, nítorí iyọ̀ tó kù nínú bátìrì. Ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ máa ń bọ́ sí ọjà gbànjo níbẹ̀, ọ̀nà Tin-Can kò sì jìnnà sí ọjà gbànjo Amẹ́ríkà. Kó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), àpapọ̀ lẹ́tà àti òǹkà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, wá ìtàn ọkọ̀ náà. Bí ó bá rí salvage (ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an) tàbí flood (ọkọ̀ tí omi ti wọ̀) nínú ìwé rẹ̀, ẹ má tíì cháàjì rẹ̀ rárá, ẹ má páàkì rẹ̀ mọ́ ògiri ilé, títí ẹni tó mọ bátìrì háíbíríìdì yóò fi ṣí i wò. Kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì lásán. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn lè pani.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá ń cháàjì, ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ ki okùn bọ̀, lẹ́yìn náà ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ọkọ̀ ṣáájú. Ẹ gbé àpótí àárín okùn kọ́ sára ìṣó, kó má máa fa pọ́ọ̀gì wálẹ̀. Ẹ má lo ẹksitẹ́ńṣọ̀n, pàápàá èyí tí wọ́n ká jọ. Òjò kò ṣe orí tó wọ ọkọ̀ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àpótí kò gbọdọ̀ sùn sínú omi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pọ́ọ̀gì. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbé e fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ pa á láti ibi bérékà kí ẹ tó fà á yọ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó pọ́n yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn pààrọ̀ ojú rẹ̀. Kí wọ́n gé orí wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́yìn títí wọ́n fi dé ibi tí bàbà ti ń dán tí rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀. Bí ibi tó jó bá wọnú páìpù ògiri lọ, wáyà yẹn látòkèdélẹ̀ ni kí wọ́n fà yọ.