Ẹ Bi Mí, Kí N Wí: Fọ́ọ̀mù inú báálù ti wọnú fóònù

Ìbéèrè ìrìnàjò ló pọ̀ jù nínú èyí tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó jọ pé gbogbo ayé fẹ́ rìn ní December. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bangkok ni mo ti máa ń lọ ra aṣọ ọmọdé, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo lọ gbẹ̀yìn. Nígbà yẹn inú báálù ni wọ́n ti ń pín fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú fún wa. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì wá ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́ báyìí, pé kí n mú 40 dọ́là wá, òun á bá mi ṣe é sílẹ̀ lónìí. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ jẹ mí?* (Oníṣòwò, Balógun, Èkó)

Ìyá wa, ọmọ yẹn ò parọ́ tán, ṣùgbọ́n owó yẹn ẹ má san án o. Fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, TM6 lorúkọ ẹ̀, wọ́n ti dá a dúró fáwọn tó ń bá báálù wọlé láti 2022, ìgbà tó wá di 1 May 2025 wọ́n gbé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, Thailand Digital Arrival Card, TDAC ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Ọ̀fẹ́ ni, kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀. Sáìtì àwọn ìmígíréṣọ̀n Thailand fúnra wọn ni tdac.immigration.go.th, go.th tó wà níparí yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò dáadáa torí àwọn sáìtì mìíràn wà tí wọ́n kun ara wọn bíi ti ìjọba tó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń wá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, kí wá lẹnì kan ń ṣe sílẹ̀ lónìí fún oṣù tó ń bọ̀? Kì í sì í ṣe físà o, físà yín wà lọ́tọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ ṣí pásípọ́ọ̀tì sí ojú ewé tí fọ́tò yín wà, ìlà méjì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tó kún fún àmì <<<, bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, kò sí àmì lórí, kò sí nǹkan nísàlẹ̀ lẹ́tà, Ọláṣubọ̀mí á di OLASUBOMI, ẹ má bá wọn jà. Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tì wa, lẹ́tà kan ló ṣíwájú, òǹkà mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń fi lẹ́tà O sípò òdo. Nọ́ńbà báálù tí wọ́n ń bèèrè ńkọ́, tó bá jẹ́ Addis Ababa tàbí Doha lẹ máa gbà kọjá, èyí tó gbé yín wọ Bangkok ni, kì í ṣe èyí tó gbé yín kúrò n'Íkẹjà. Tẹ́ ẹ bá parí, wọ́n á fi QR code ránṣẹ́ sínú íméèlì yín. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù, kẹ́ ẹ tún lọ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

*Mo ti ya fọ́tò káàdì yẹ́lò mi sínú fóònù. Ṣé mo lè fi ojúlówó sílé kó má bàa sọnù?* (Ìkòròdú)

Rárá o! Fọ́ọ̀mù ló wọnú fóònù, káàdì yẹ́lò, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ yellow fever, ò tíì bá a lọ. Thailand tí ìyá wa ń lọ yẹn máa ń bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, India náà ń bèèrè ẹ̀. Ẹ gbé pépà ẹ̀ dání. Tí ẹ ò bá tíì gba abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ tètè lọ gbà á, torí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti July 2016 ló ti di ti gbogbo ayé ẹni, kò ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá mọ́, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ tún un gbà torí pé ó ti pẹ́, ẹ rántí 40 dọ́là ẹ̀ẹ̀kan.

*Ẹ̀gbọ́n mi, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tì Britain nìkan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mò ń bọ̀ wá sìnkú ìyá mi àgbà. Ọ̀rẹ́ mi ní Nàìjíríà náà ti kó káàdì ìwọlé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kàn bú sẹ́rìn-ín ni.* (Peckham, London)

Àbúrò, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. 1 May 2025, ọjọ́ kan náà tí Thailand gbé tiwọn dé, ni tiwa náà dé: káàdì ìwọlé kan, káàdì ìjáde kan, fáwọn tó gbé pásípọ́ọ̀tì òkèèrè wá, lecard.immigration.gov.ng ni sáìtì ẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni e-visa gbapò físà tí wọ́n ń gbà tí wọ́n bá dé, ẹ tètè ṣètò tiyín, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá ní "tẹ́ ẹ bá dé Èkó, a máa rí i ṣe".

Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn ṣáà ti pa tiẹ̀ tì tipẹ́. 20 May 2019 ni wọ́n fòpin sí káàdì tí wọ́n ń kọ wọ Heathrow. Ṣẹ́ ẹ rántí báálù àárọ̀ láti Èkó, gbogbo ènìyàn á máa wá bírò, bírò kan á ti ìjókòó 32 dé 41, ẹni tó ni ín ò ní rí i mọ́. Bírò mi mẹ́ta ló lọ báyẹn.

*Bàbá mi ẹni ọdún 74 ń bọ̀ wá wò wá ní Houston, kò mọ fóònù ìgbàlódé lò, ti "hello" nìkan ló mọ̀. Kí ni wọ́n máa kọ?* (Ọmọ bàbá, Texas)

Ọkàn yín balẹ̀. I-94, káàdì ìwọlé Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi sítépù mọ́ inú pásípọ́ọ̀tì nígbà kan, láti 2013 ni wọ́n ti gbé e wọ kọ̀ǹpútà fáwọn tó ń gba ojú òfurufú wọlé, ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n ló ń ṣe é fúnra ẹ̀ bí bàbá bá ti dúró níwájú ẹ̀. Iṣẹ́ tiyín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Tí wọ́n bá ti sinmi, ẹ bá wọn wọ sáìtì I-94 ti CBP, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ wo orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jáde, tí àṣìṣe bá wà ẹ tètè lọ bá àwọn CBP. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé o, kì í ṣe ọjọ́ tí físà máa kú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí wa ti ṣẹ̀ sófin láìmọ̀.

*Nínú pépà àti fóònù, èwo lẹ̀yin fara mọ́?* (Òṣogbo)

Fóònù ni, mi ò purọ́. Téèyàn bá ti kọ gbogbo ẹ̀ nílé tọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó sàn ju kéèyàn máa kọ ọ́ lórí itan nígbà tí báálù ń mì. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe mí rí, ní pápákọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, bátìrì mi kú nígbà tó ku ènìyàn méjì kó kàn mí, ìho iná ibẹ̀ ò sì gba orí ṣájà Nàìjíríà, QR code mi wà nínú òkùnkùn. Ọ̀dọ́bìnrin ilẹ̀ China kan tó wà lẹ́yìn mi ló yọ páwà báǹkì fún mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọ iléèwé, gbogbo ìlà ń kọjá lára mi.

China ọ̀hún ló sì ṣe é tó wù mí jù. Láti 20 November 2025, ẹni tó bá fẹ́ lè kọ káàdì ìwọlé ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra, ẹni tí kò bá rí i ṣe, kó dé Guangzhou kó kọ ọ́ sórí pépà níbẹ̀, wọn ò ní dá a padà. Ẹ ṣáà mú bírò tiyín dání, ẹ má wo tèmi.