Ẹ Bi Wá: Ìlà Funfun Létí Gèlè, Ojú Tó Pọ́n Lábẹ́ Kánópì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Bánà Ojúde Ọba ni mo ń ṣe fún ẹgbẹ́ règbérègbé kan. Bí mo bá ti gé àwọn ìyá wa kúrò nínú fọ́tò, tí mo gbé wọn sórí àwọ̀ ewé tí ẹgbẹ́ yàn, ìlà funfun kan á yí gèlè wọn ká bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ. Mo gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí àwọn tó ń bá èèyàn yọ ẹ̀yìn fọ́tò kúrò, kò yàtọ̀.
*Désáìnà kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Ògiri ni ẹ gbé dání. Níbi tí etí gèlè ti pàdé ògiri funfun, píksẹ́ẹ̀lì (ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò) kan tàbí méjì wà tó jẹ́ àdàlù, àwọ̀ gèlè díẹ̀, àwọ̀ ògiri díẹ̀. Bí ẹ bá gé e mọ́ etí gẹ́lẹ́, àdàlù yẹn bá yín wá. Lórí ẹ̀yìn funfun, kò sẹ́ni tó máa rí i. Lórí àwọ̀ ewé, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Ní ti àwọn tórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá fọ́tò kékeré padà fún ẹni tí kò sanwó, ẹ má gbé e sórí bánà.

Nínú Photoshop, ẹ tẹ Ctrl+J kó ṣe ẹ̀dà sórí layer (ìpele) mìíràn, kí ojúlówó fọ́tò lè wà lọ́tọ̀. Ẹ sún un dé 200%, kí ẹ mú Pen Tool, kí ẹ máa tọ etí gèlè lọ, ṣùgbọ́n inú aṣọ ni kí ìlà yín gbà, píksẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì sí etí. Gèlè aṣọ òkè le, etí rẹ̀ mú, Pen ló mọ̀ ọ́n gé. Ẹ sọ ìlà náà di selection (ibi tí ẹ yàn), kí Feather, èyí tó ń mú etí rọ̀, jẹ́ 0.5. Tó bá fi lè dé 3, gèlè á rí bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Lẹ́yìn náà, Add Layer Mask, ìbòjú tó ń fi ohun tí ẹ kò fẹ́ pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Eraser sílẹ̀. Ohun tí mask bá bò, ẹ lè ṣí i padà lọ́la. Ohun tí Eraser bá pa rẹ́, tí ẹ ti tọ́jú fáìlì pa dé, ó ti lọ.

Irun tó yọ létí àti òwú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń sọ̀ létí ìborùn kì í ṣe iṣẹ́ Pen. Ẹ wọ Select and Mask, kí ẹ fi Refine Edge Brush gba orí ibẹ̀ nìkan. Shift Edge, ẹ fà á sí -10 tàbí -20. Bí funfun bá ṣì kù, ẹ ṣí Decontaminate Colors. Ó máa ń pa àwọ̀ píksẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ dà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé èsì rẹ̀ sórí layer tuntun.

Gèlè oníhò bí àwọ̀n ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ògiri ń yọ láti inú ihò kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bọ́tìnì kan tó máa yanjú rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eérú kun mask níbi tí aṣọ bá ti fúyẹ́, kí àwọ̀ ewé lè hàn díẹ̀ láàárín ihò. Ó máa ń gba àkókò. Ẹ bu iye rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́.

Kí ẹ tó parí, ẹ fi layer dúdú kan sí abẹ́, ẹ wò ó, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ ewé yẹn gan-an. Dúdú ló máa ń tú àṣírí etí.

Ìbéèrè: Abẹ́ kánópì pupa ni wọ́n ti ya tọkọtìyàwó. Ojú wọn pọ́n bí epo. Mo fa Brightness sókè, ó wá dà bí ẹni tí eérú bò. Oníbàárà ní òun kọ́ nìyí.
*Olùkàwé, Ṣágámù*

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ. Pupa ló pọ̀ jù nínú fọ́tò náà, Brightness ò sì mọ ìyẹn. Ńṣe ló gbé pupa àti gbogbo ohun yòókù sókè pọ̀.

Ẹ ṣí Curves, ìlà tí ẹ fi ń tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe, lórí adjustment layer. Ẹ mú ohun èlò ìfàmu (eyedropper) àárín lára mẹ́ta tó wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó dá yín lójú pé funfun ni: ṣẹ́ẹ̀tì, àga oníke. Abẹ́ kánópì kan náà ni kí nǹkan ọ̀hún wà, torí ìmọ́lẹ̀ ìta yàtọ̀. Kó má sì jẹ́ ibi tí Info, pánẹ́ẹ̀lì tó ń sọ nọ́ńbà àwọ̀ láti 0 dé 255, ti ń ka 255, kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Bí pupa bá ṣì kù, ẹ lọ sí Red, kí ẹ fa àárín rẹ̀ wálẹ̀ láti 128 sí bí 118.

Ẹ wá gbé máùsì sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ ka Info. Lára àwa èèyàn dúdú, R (pupa) ló gbọ́dọ̀ ga jù, G (àwọ̀ ewé) tẹ̀ lé e, B (búlúù) wá kẹ́yìn. Tí B bá ti kọjá G, eérú tí oníbàárà yín rí nìyẹn. Fún ìtẹ̀wé, ẹ wo CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì: kí Y (yẹ́lò) bá M (magenta) dọ́gba tàbí kó ju ú lọ díẹ̀. Tí M bá borí, ojú á tún pọ́n lórí bébà.

Ìgbà yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mú ojú mọ́lẹ̀: Curves mìíràn, 128 sí 140, mask kó mọ sí ojú nìkan. Ẹ má pa dídán iwájú orí rẹ́ tán, òun ló jẹ́ kí ojú rí bí ojú. Àwọn kan á ní kí ẹ bá àwọn sọ ọ́ di ojú èèyàn pupa. Ẹ gbé méjèèjì síwájú wọn, ọ̀pọ̀ ló máa mú èyí tó jọ wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé fọ́tò orí WhatsApp lè ṣe bánà òkú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ?
*Olùkàwé, Ìkẹ́nnẹ́*

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lásán, rárá. WhatsApp máa ń rún un sí nǹkan bí 1600 píksẹ́ẹ̀lì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ jẹ́ ínǹṣì 96. Ẹ pín in, píksẹ́ẹ̀lì bíi 16 péré ló kan ínǹṣì kan. Bánà tí èèyàn máa dúró tì ń fẹ́ 72 sí 100. Ẹ ní kí wọ́n fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Fóònù tó ń ya píksẹ́ẹ̀lì 4000 ní gígùn àti 3000 ní ìbú tó, bí olóògbé bá kún inú fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹ sì fún un ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lórí bánà: 4000 lórí ínǹṣì 48, ó lé ní 80. Bí ojúlówó bá ti sọnù, ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, kí ẹ síkáànì rẹ̀ ní 600 fún ínǹṣì kan.