Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Dá Wa Padà?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń lo phenytoin fún wárápá. Wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò nítorí pé ó ti lo oògùn àárọ̀. Kí ló dé? (Ìyá kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí wọn, ìyá wa. Ìwọ̀n oògùn inú ẹ̀jẹ̀ a máa gòkè lẹ́yìn tí a bá gbé e mì, a sì tún máa wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ṣáájú oògùn àárọ̀ ni a fi ń wo bóyá oògùn náà wà ní ìwọ̀n tó yẹ, mílígíráàmù 10 sí 20 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Phenytoin tilẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀: bí agbára ẹ̀dọ̀ láti palẹ̀ oògùn náà mọ́ kúrò nínú ara bá ti dé òpin, àfikún oògùn kékeré lè sọ ọ́ di púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lójijì, tí ọmọ yóò máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ẹ mú oògùn náà dání lọ, kí ó lò ó kété tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ tán.