Ìgbà wo ni kí n ṣí ọmọ tòmátì lọ sóko nínú oòrùn yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọ̀fà ni mo wà. Ìparí oṣù Ògún ni mo fọ́n èso tòmátì àti ata rodo sínú bàsíà tó ti lu nídìí, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì hù dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣí tòmátì bí ogójì gbìn láàárọ̀. Kí n tó ti ọjà dé lọ́sàn-án, gbogbo wọn ti sùn sílẹ̀. Ṣé kí n dúró kí oòrùn ìgbà yìí rọlẹ̀ kí n tó gbin ìyókù?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, màámi. Ẹ má dúró kí oòrùn ìgbà yìí rọlẹ̀ o. Kó tó rọlẹ̀, òjò àrọ̀kúrò á ti lọ, omi kànga nìkan lẹ ó máa pọn. Ìparí Ọ̀wẹwẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wàrà tá a wà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún tòmátì lágbègbè wa. Ẹ ṣírò rẹ̀: ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 5 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbìn ín sóko, á yọ òdòdó, ìyẹn inú oṣù Bélú, tí òru ti ń tutù bọ̀. Bí ọ̀sán bá ń gbóná kọjá 35°C, tí òru náà ò tutù, òdòdó tòmátì á kàn máa rẹ̀ dànù láìso. Ohun tó ń ṣe àwọn tí tiwọn bọ́ sí Èrèlé àti Ẹrẹ́nà nìyẹn.

Wákàtí tẹ́ ẹ gbìn ín ló ṣe yín lọ́ṣẹ́. Bá a bá fa irúgbìn yọ, àwọn gbòǹgbò tín-ín-rín tó ń mu omi á já, ewé kò sì ní yéé tú omi tiẹ̀ dànù sínú oòrùn. Èmi náà ti ṣe é rí: mo gbin ìkàn ní aago 10 àárọ̀, mo wá ń bú ẹni tó tà á fún mi!

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún ti kẹ́ wọn jù. Ẹ máa gbé bàsíà náà sóòrùn àárọ̀, kó máa pẹ́ díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7, kẹ́ ẹ sì dín omi rẹ̀ kù. Tó bá wá di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbìn ín, ẹ bomi rin ín, kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ sì bá yín lóko. Ẹ fi ṣíbí bu ú tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ da omi sínú ihò, kó fà tán, kẹ́ ẹ tó gbé e sí i. Ẹ lè ri tòmátì wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ewé àkọ́kọ́, igi rẹ̀ á ta gbòǹgbò. Ata ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan igi rẹ̀. Ẹ wá ri imọ̀ ọ̀pẹ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn fún ọjọ́ 4 tàbí 5. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ò gbọdọ̀ wọ ihò yẹn, ó máa jó o.

Ata yín ò tíì tó gbìn. Ó ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fọ́n ọn.

Ní ti ogójì yẹn, ẹ lọ wò wọ́n ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ. Èyí tó bá nàró ti yè, kódà bó bá tún rọ lọ́sàn-án. Èyí tó bá ṣì sùn sílẹ̀ tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù, ẹ fi èékánná họ igi rẹ̀: bí abẹ́ èèpo ò bá dúdú mìnìjọ̀ bí ewé mọ́, ẹ fà á tu, kẹ́ ẹ fi òmíràn dípò rẹ̀ nírọ̀lẹ́.