Ẹrù àti Ẹ̀rù Lọ́nà Lungi

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, Bàbá. Ẹ mẹ́nu bà á lóṣù tó kọjá pé ẹ wa bàálù ológun lọ sí Sàró ní 1999. Kí lẹ kó lọ? Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni? *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kàbà.*

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, ọmọ mi. Ìrẹsì, ọta ìbọn, oògùn. C-130 ni bàálù náà, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ bíi ti tírélà. Láti Èkó sí Lungi tó wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún yẹn làwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ Freetown, ṣùgbọ́n ọwọ́ ECOMOG, àpapọ̀ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni pápákọ̀ Lungi wà, lódìkejì omi. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àti ọta àwọn ọmọ ogun gbà ń wọlé.

Ẹ̀rù bà mí o. Awakọ̀ tó bá ní ẹ̀rù ò ba òun rí, má wọ ọkọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe taksí Kàbà sí Ìyàrà.

Àmọ́ kì í ṣe lókè. Lókè, iṣẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè. A kì í rọra sọ̀kalẹ̀ láti òkèèrè bíi bàálù èrò. Orí pápá gan-an la ti ń yí bí àṣá tó rí òròmọdìẹ, kí ẹni tó gbé ìbọn sá sínú igbó má baà rí wa fojú sùn. Ilẹ̀ ló le. A kì í pa ẹ́ńjìnnì. Ariwo ń dini létí, àwọn tó ń já ẹrù ń sáré tàpò tàpò, èmi jókòó, mò ń wo aago.

Lọ́jọ́ kan, ìkọ́ ṣéènì fa àpò ìrẹsì kan ya. Ọmọ ogun kan, ọmọdé ni lójú mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kó o sínú akoto rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́. Ọ̀gá ẹrù kígbe pé kó fi í sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì gbáko! Mo bú u títí a fi gbéra. Ojú òkun la wà kí n tó rò ó pé bóyá kò tíì jẹun látàná.

Àwọn tó fara gbọgbẹ́ là ń kó bọ̀. Nígbà tá a balẹ̀ l'Ékòó, mo gba àárín wọn kọjá. Ọ̀kan gbójú sókè, ó ka orúkọ tó wà láyà aṣọ mi.

Ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa nílé, ó ní, “Ọ̀kun o.”

Ọmọ Ìsánlú ni.